Ohun tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ Sọ Nínú Ilé-ń-rìn

Èéfín ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ó ń yọ díẹ̀díẹ̀ níwájú ọkọ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń dáná lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí Bọ̀ọ̀dá tó ríbi yà sí lẹ́bàá títì, èéfín náà ti bo gíláàsì, omi gbígbóná sì ti ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Ẹ má gba ojú títì jáde o!" Bọ̀ọ̀dá pariwo. "Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kejì!"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fò bọ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé láti kékeré ni wọ́n ti fi orúkọ yẹn pè é, orúkọ gidi sì di ohun tí wọ́n ń pè nílé-ẹ̀kọ́ nìkan. Àǹtí, àbúrò ìyá rẹ̀, tẹ̀ lé e, fóònù lọ́wọ́. Kí Àǹtí tó béèrè ohun tó ṣe ọkọ̀, ó ti ń ya fídíò èéfín.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wò ó! Ilé-ń-rìn ti dákẹ́ sójú ọ̀nà o!"

Ilé-ń-rìn ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. Bọ́ọ̀sì àtijọ́ ni. Bọ̀ọ̀dá, ọkọ Àǹtí, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù kó tó fẹ̀yìn tì, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ilé. Ó tú àwọn ìjókòó inú rẹ̀, ó kan ibùsùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé sítóòfù kékeré sí igun kan, ó sì gbé táńkì omi sórí òrùlé. Ó ní òun ti fi gbogbo ayé òun sáré kọjá ìlú onílùú, òun fẹ́ rọra rìn ín wàyí. Ní ti Àǹtí, ó fẹ́ kí gbogbo ayé máa wo ìrìn náà lójú ewé rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì ti ṣe ìdánwò àṣejáde rẹ̀ tán, èsì ló ń retí. Ìyá rẹ̀ ní kàkà kó jókòó sílé máa ka àjà, kó tẹ̀ lé wọn, kó lọ lajú.

Ó sì lajú lóòótọ́. Oríṣiríṣi ènìyàn ló ti ṣe wọ́n lóore lọ́nà. Obìnrin oníbúrẹ́dì kan gbé búrẹ́dì gbígbóná wá bá wọn kó tó mọ orúkọ wọn. Ọlọ́dẹ ilé epo kan gbé àga rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ní òun ò lè jẹ́ kí àlejò sùn láìsí ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Gbogbo rẹ̀ ni Àǹtí ń yà. Àmọ́ lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan yìí, inú rẹ̀ kò dùn mọ́.

"Àwọn olùwòran ń dín kù," ló máa ń sọ. "Ọ̀nà àti òkè, òkè àti ọ̀nà, ó ti sú wọn. Ohun tó ń mú omi jáde lójú èèyàn ni wọ́n fẹ́."

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ tí epo ti sọ di dúdú ló yọ sí wọn lórí ọ̀kadà. Mẹkáníìkì ni, ọgbà rẹ̀ ò sì jìnnà síbẹ̀. Ó ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mi orí.

"Rediétọ̀ yín ti bẹ́," ó ní. "Kò sí irú rẹ̀ nítòsí. Mo máa ránṣẹ́ sí ìlú ńlá, á gba ọjọ́ díẹ̀. Ẹ ó sùn sílé mi."

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ọkọ̀. "Ọ̀gá, ẹ ò rí i pé a gbé ilé wa lọ́wọ́ ni?"

"Ilé tó ń tọ̀ sílẹ̀ yìí?" mẹkáníìkì dáhùn. "Rárá o. Ẹ ò lè máa sùn nínú ọgbà mi bí irin tó ti dógùn-ún. Ẹ jẹ́ ká fa ilé yín lọ sínú ilé wa."

Ẹ̀yìn ọgbà náà ni ilé wà. Iyàrá iwájú jẹ́ ibi iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aránṣọ. Òun ló ń rán yunifọ́ọ̀mù fún ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lókè títì. Aṣọ aláwọ̀ búlúù kún orí tábìlì gígùn kan, àwọn apá tí kò tíì ní ara, àwọn ara tí kò tíì ní ọrùn. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe wọlé, obìnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó fa tépù lọ́rùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n láìbéèrè.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ béèrè.

"Dúró dáadáa. Ẹni tó ń rin ọ̀nà tó jìn báyìí, kò sí àpò kankan lára aṣọ rẹ̀? Ibo lo ń kó ọwọ́ sí?"

Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti rán aṣọ fún un, àpò ńlá méjì níwájú, ọ̀kan kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é, torí pé ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Òun àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́, àmọ́ ìdánwò àṣejáde ti ìlú tiwọn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó fi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sílẹ̀ fún Àǹtí, òun àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì jọ ń sùn sórí ẹní kan náà. Wọ́n jọ ń ka ìwé, wọ́n jọ ń fọ abọ́, wọ́n jọ ń fi Àǹtí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó bá ń bá fóònù sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ jòjòló sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ díẹ̀ péré, ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé ìyá kan náà ló bí wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ń yanjú ìṣirò nínú iyàrá. Ẹlẹ́rìn-ín ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó kàn dákẹ́. Bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà, ó ṣubú lulẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré dì í lápá mú. Ìyá Aránṣọ ló sáré wọlé pẹ̀lú òwú lára. Ó yí ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki ìrọ̀rí sábẹ́ orí rẹ̀, ó ti àga sẹ́yìn.

"Má dì í mú," ó sọ jẹ́jẹ́. "Má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ó máa kọjá."

Ó sì kọjá. Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín lajú, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ta ló rí mi?"

"Èmi nìkan ni," Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn.

Bọ̀ọ̀dá àti Àǹtí wà lọ́gbà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọn kò mọ nǹkan kan. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ ṣàlàyé. Wárápá ni. Oògùn ọsibítù ló ń lò, ó sì ti pẹ́ tó ti ṣe é gbẹ̀yìn. Ìdùnnú àlejò ló jẹ́ kó gbàgbé oògùn rẹ̀. Ní ìlú tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, wárápá náà gbé e níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó fẹ́ lo kọ́ọ̀pù tó lò, kò sí ẹni tó fẹ́ jókòó tì í. Bàbá rẹ̀ ta ọgbà iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n kó wá síbí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n.

"Ẹni tó bá mọ̀ pé kì í ranni kò pọ̀," ó ní. "Mo máa sọ fún wọn lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo bá fẹ́, lẹ́nu èmi fúnra mi. Ní báyìí, ìwọ nìkan lo mọ̀. Bá mi pa á mọ́."

"Mo ṣèlérí," Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Kò ní ti ẹnu mi jáde."

Ìyá Aránṣọ ń ká òwú sọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Ojú ni yóò rí, ẹnu yóò dákẹ́," ó ní. "Ọmọ mi, mo gbẹ́kẹ̀ lé ọ."

Rediétọ̀ dé. Mẹkáníìkì fi sí i, ó dán an wò, ó bá wọn pọn omi kún táńkì òrùlé. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Ẹlẹ́rìn-ín sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ títí dé orígun títì, ó ń juwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí ya ìyẹn náà.

Ojú ọ̀nà tún di òkè àti ọ̀nà. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n dúró sábẹ́ igi láti sinmi, Bọ̀ọ̀dá ń sùn lórí kóríko, Àǹtí pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sínú ọkọ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé ohùn rẹ dùn?" ó ní. "Mo ti ń rò ó. Mo fẹ́ kí o ní apá tìrẹ lójú ewé mi. Kí orúkọ rẹ wà níbẹ̀ gàdàgbà."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sún mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbéra ló ti ń retí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń fojú inú wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé, bí wọ́n á ṣe máa pe ara wọn láti wá wò ó. Àǹtí gbé fóònù síwájú rẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ òkè, ó sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ obìnrin oníbúrẹ́dì. Àǹtí yán.

"Kò ní iyọ̀," ó ní. "Kí lo rí tí ẹlòmíràn ò rí? Ilé mẹkáníìkì yẹn ńkọ́? Ìwọ àti ọmọ yẹn kì í yara yín. Ẹ ò sọ nǹkan kan fún ara yín ni?"

Ọ̀rọ̀ dé ẹnu Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó dúró lẹ́yìn eyín. Ì bá ti gbé e mì. Àmọ́ ó ń wo ojú Àǹtí, ó rí i pé bí òun bá dákẹ́, àǹfààní náà lọ nìyẹn.

"Ẹ ò ní fi síta o, Àǹtí. Mo ti ṣèlérí."

"Èmi? Ṣé ọmọdé ni mí? Ohùn rẹ ni mo kàn ń dán wò."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá sọ ọ́. Ó rí iná pupa kékeré tó ń tàn lórí fóònù, ó mọ ohun tó túmọ̀ sí, síbẹ̀ kò dákẹ́. Omi ti lé sójú Àǹtí, kò sì sí ẹni tó tíì fetí sí òun báyìí rí. Bó ṣe ń rí omi ojú yẹn ló ń fi kún un. Ó sọ bí Ẹlẹ́rìn-ín ṣe ṣubú. Ó sọ bí wọ́n ṣe sá kúrò ní ìlú. Nígbà tó parí, Àǹtí dì mọ́ ọn, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀bùn ńlá lo ní."

Ilé epo kan ni àṣírí ti tú, ní ìlú tó jìnnà. Ọmọbìnrin tó ń ta epo ń wo Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó tún wò ó.

"Ìwọ kọ́ ni wọ́n ń rí nínú fídíò Ilé-ń-rìn, tó sọ ìtàn ọmọ mẹkáníìkì yẹn?" ó béèrè. "Áà, o pa mí lẹ́kún! Gbogbo ilé wa ló wò ó."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yí padà. Ó wọnú ọkọ̀, ó gbé fóònù tirẹ̀, ó wá ojú ewé Àǹtí. Ó wà níbẹ̀. *Àṣírí tí mo bá nílé mẹkáníìkì*, lẹ́tà ńláńlá. Ohùn òun ni. Àwòrán Ẹlẹ́rìn-ín ló sì wà lábẹ́ ohùn náà, tó ń rẹ́rìn-ín nídìí tábìlì ìyá rẹ̀, tó ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀, tí pátákó ọgbà bàbá rẹ̀ hàn kedere lẹ́yìn rẹ̀. Iye àwọn tó ti wò ó pọ̀ ju gbogbo òkè àti ọ̀nà pa pọ̀ lọ.

"Àǹtí! Ẹ ní ẹ ò ní fi síta!"

"Fọkàn balẹ̀," Àǹtí ní. "Ire wọn ni mo fi ṣe. Wo iye àwọn tó ń ṣàdúrà fún un."

"Ẹ ṣèlérí fún mi!"

Àǹtí gbójú sókè wàyí, ohùn rẹ̀ sì le. "Ìwọ náà ò ṣèlérí fún un ni? Ta ló kọ́kọ́ sọ?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí abẹ́rẹ́. Bọ̀ọ̀dá tó ń san owó epo gbọ́ ariwo, ó wọlé, ó gba fóònù, ó wo fídíò náà dé ìdajì. Kò wò ó tán.

"Pa á rẹ́," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Nísinsìnyí, lójú mi."

Àǹtí pa á rẹ́, ó ń sunkún. Àmọ́ ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn ẹlòmíràn ti kó o lọ sójú ewé tiwọn. Bí wọ́n ṣe dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ wọlé sórí fóònù Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ ọ́.

*Ṣé ohùn rẹ nìyẹn? Sọ fún mi pé wọ́n fi ohùn ẹlòmíràn ṣe é ni.*

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé fóònù fún Bọ̀ọ̀dá. Bọ̀ọ̀dá kà á, ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó sì yí i padà sí ọ̀nà tí wọ́n ti gbà wá. Ìrìn náà gùn.

Abẹ́ ọkọ̀ kan ni wọ́n bá mẹkáníìkì. Ó yọ jáde, ó nu ọwọ́, ohun tó kọ́kọ́ wò ni iwájú Ilé-ń-rìn.

"Ṣé ó tún gbóná ni?" ó béèrè.

Ìbéèrè yẹn dun Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ju kó nà án lọ. Ó bú sẹ́kún níbẹ̀. Ọkùnrin náà kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ wọlé," ó ní.

Tábìlì gígùn ti ṣófo. Kò sí aṣọ búlúù kankan lórí rẹ̀. Àwọn òbí kan ti lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ aṣọ tó bá ti inú ilé yẹn jáde lára ọmọ àwọn. Ìyá Aránṣọ gbé àga fún wọn, ó gbé omi tutù wá. Àǹtí kúnlẹ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ dìde, ẹ mu omi ná," Ìyá Aránṣọ ní. "Ẹni tó bá wọ ilé mi gbọ́dọ̀ mu omi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo rò pé mo ń ràn yín lọ́wọ́ ni."

"Ẹ sùn sílé wa. Iyàrá kan ló là wá láàárín. Bó bá jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni, ẹ ò bá ti kanlẹ̀kùn kí ẹ bi wá."

Ẹlẹ́rìn-ín jáde. Ojú rẹ̀ ti fà wọlé. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dìde láti lọ dì mọ́ ọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan.

"Nígbà tí wọ́n fi hàn mí ní kíláàsì," Ẹlẹ́rìn-ín ní, "mo ní kì í ṣe ohùn rẹ. Mo bá wọn jà. Ìtìjú ara mi ò tiẹ̀ tíì wá sí mi lọ́kàn, ìwọ ni mo ń gbèjà."

"Dárí jì mí. Àǹtí ní àwọn ò ní..."

"Àǹtí kọ́ ni mo sọ fún."

"Àwọn tó sá fún mi níjọ́sí, wọn ò jẹun nínú abọ́ mi rí," Ẹlẹ́rìn-ín tún ní. "Ìwọ, a jọ sùn lórí ẹní kan. Ọ̀la ni ìdánwò mi bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí n lọ kàwé."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò fi agbára tì í. Ó rọra tì í ni.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó yẹ omi wò, ó fi díẹ̀ kún un. "Ẹ má sáré lórí òkè," ó sọ fún Bọ̀ọ̀dá. Kò juwọ́ sí wọn. Ó padà sábẹ́ ọkọ̀ tó ń tún ṣe.

Wọ́n darí sílé. Ìrìn náà parí síbẹ̀, Àǹtí kò sì gbé nǹkan kan sójú ewé rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èsì ìdánwò Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jáde, ó yege dáadáa, gbogbo ilé ń yọ̀, ó wọ yàrá lọ jókòó. Ó ti kọ̀wé sí Ẹlẹ́rìn-ín lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí èsì gbà. Bọ̀ọ̀dá tó máa ń pe mẹkáníìkì nígbà mìíràn ló sọ fún un pé ọmọ náà jókòó ṣe gbogbo ìdánwò rẹ̀. Àga tó yí i ká ṣófo, àmọ́ ó ṣe é tán. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, ó dìde níwájú kíláàsì, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí wárápá jẹ́ àti ohun tí kò jẹ́. Ọmọ méjì wá jókòó tì í lẹ́yìn náà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sunkún nígbà tó gbọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ pé òun kò ní ipa kankan nínú ayọ̀ náà. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga yẹn.

Fún ìgbà pípẹ́ ló fi ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé Àǹtí ló da òun. Òótọ́ ni, Àǹtí dà á. Ṣùgbọ́n kí Àǹtí tó rí nǹkan dà, òun ló kọ́kọ́ gbé àṣírí náà lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ fún wa kò ní ká ṣí ẹnu wa lé ilé rẹ̀ lórí. Oúnjẹ tó fún wa, ká jẹ ẹ́. Omi tó fún wa, ká mu ún. Ọ̀rọ̀ tó fi pamọ́ sí wa lọ́wọ́, tirẹ̀ ni títí ayé. Bí ìyìn àwọn èèyàn tí a kò mọ̀ bá ń pè wá láti tà á, ká rántí pé wọ́n á ti gbàgbé wa kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rẹ́ tí a pàdánù nítorí wọn kò sì ní gbàgbé.